Ọ̀rá, Ìpẹtà àti Ẹ̀jẹ̀ Dídì: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Iṣan Kí Ọkàn Tó Daṣẹ́ Sílẹ̀

Àwòrán kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé sọ́kàn nípa àrùn iṣan ọkàn. Wọ́n rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bí páìpù omi, pé ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dí pátápátá, tí ọkàn yóò sì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwòrán náà yé ọmọdé, ó yé àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Lọ́dún 1988, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tún fọ́tò iṣan ọkàn àwọn aláìsàn kan yẹ̀ wò, fọ́tò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ kí àìsàn tó kọlù ọkàn wọn. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ibi tó padà wá dí kò tíì fún tó ìdajì nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Ọ̀nà ṣì là, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kọjá. Kí ló wá dé ibẹ̀ tó dí i lójijì?

Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni. Ọ̀rá ló ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló ń pa ènìyàn. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹnì kẹta wà tí a kì í sábà dárúkọ: ọ́síjìn tó ń ba ọ̀rá náà jẹ́ níbi tó há sí lára iṣan. Oxidative stress ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìpẹtà ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é, nítorí iṣẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe lára ọ̀rá inú iṣan kò jìnnà sí èyí tó ń ṣe lára àdá tí wọ́n gbàgbé sínú ìrì.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Ní ìlú Vienna, Carl von Rokitansky sọ pé ohun tó ń dì láti inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan tó sì ń di kókó. Ní Jámánì, Rudolf Virchow ní rárá, inú ara iṣan gan-an ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń wú tó sì ń gbóná bí ojú egbò. Virchow yìí kan náà ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀kọ́ mẹ́ta nípa ẹ̀jẹ̀ dídì títí dòní: ẹ̀jẹ̀ á dì bí ara iṣan bá bàjẹ́, bí ìrìn ẹ̀jẹ̀ bá dàrú, tàbí bí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ bá yí padà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ọ̀rá tó pẹtà lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Atheroma ni àwọn dókítà ń pe kókó inú iṣan náà. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ara oúnjẹ tó jọ ògì ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ti rí iṣan ńlá tí wọ́n là sórí tábìlì àyẹ̀wò òkú yóò mọ ìdí. Inú iṣan ọmọdé funfun, ó ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Inú iṣan àgbàlagbà tó ní àrùn yìí ní ìlà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọ̀rá adìẹ; ibòmíràn le bí èèpo ẹyin, àlùmọ́gàjí dókítà á sì máa ta kọ́ọ́ bó bá kàn án. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la ibi tó wú, ohun tó ń tú jáde rọ̀, ó ń dán fún ọ̀rá, ó rí gẹ́lẹ́ bí ògì pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ tán.

Lọ́dún 1910 ni Adolf Windaus, onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, yẹ ohun tó jọ ògì yìí wò, ó sì rí i pé cholesterol kún inú rẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju bó ṣe wà nínú iṣan tó dá ṣáká lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní St. Petersburg, Nikolai Anitschkow àti Semen Chalatow pò cholesterol mọ́ epo sunflower, wọ́n fi bọ́ ehoro. Kókó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú iṣan àwọn ehoro náà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Nígbà tí àwọn mìíràn fi oúnjẹ kan náà bọ́ eku àti ajá, kò sí ohun tó ṣe iṣan wọn, ọ̀pọ̀ dókítà sì ní ọ̀rọ̀ ehoro nìyẹn, kò kan ènìyàn. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí ayé ìṣègùn tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde ní pàtàkì.

Cholesterol kì í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe é, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì kan lára ènìyàn tó lè dúró láìsí i. Nítorí pé ọ̀rá kì í pò mọ́ omi, inú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní LDL ló máa ń wọ̀ kó tó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà, àwọn kan á gba inú awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú iṣan kọjá, pàápàá ní oríta tí iṣan ti ń yà, wọ́n á sì há sábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn níbẹ̀ yani lẹ́nu. Michael Brown àti Joseph Goldstein ní ìlú Dallas, àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985 nítorí wọ́n rí ẹnu-ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba LDL wọlé, fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ní LDL tó mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tọ́ ọ wò, wọ́n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi kẹ́míkà yí LDL náà padà díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí jẹ ẹ́, wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n yó. Kí ló wá ń yí i padà nínú ara ènìyàn, níbi tí kò sí ẹni tó ń da kẹ́míkà? Daniel Steinberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Diego ló dáhùn ìbéèrè náà láàárín ọdún 1980 sí 1989: ọ́síjìn ni.

Ìyá alákàrà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Epo tó dà sínú agbada láàárọ̀ mọ́ rekete, ojú àkàrà àkọ́dín sì ń dán. Bó bá di ìgbà kẹta, ìgbà kẹrin tí epo kan náà tún bọ́ sórí iná, á dúdú, á ki, ìfófó á máa ru lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ á máa ta síni nímú. Iná àti ọ́síjìn ti já ìdè inú ọ̀rá náà, wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Kò sí iná lábẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn pọ̀: èéfín sìgá, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun gan-an ń tu ọ́síjìn tó gbóná jáde, nítorí ohun ìjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn nìyẹn. Wọ́n dé láti palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ LDL tó pẹtà, wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n fi wú bí ìfófó ọṣẹ, wọ́n sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n gbé mì. Òkú wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tó jọ ògì yẹn.

Ibi tó ti kan ẹ̀jẹ̀ dídì gan-an rèé, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ ti jinlẹ̀ jù láàárín àádọ́ta ọdún tó kọjá.

Iṣan tó dá ṣáká kì í gbà kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú rẹ̀ kì í ṣe aṣọ ìbora lásán. Iṣẹ́ ló ń ṣe tọ̀sán-tòru. Lọ́dún 1980, Robert Furchgott ní Brooklyn fi òrùka kékeré tó gé láti ara iṣan ehoro ṣe àyẹ̀wò. Bí awọ inú rẹ̀ bá wà níbẹ̀, iṣan náà ń dẹ̀ bí oògùn bá kàn án. Bí wọ́n bá ti ha awọ náà kúrò, iṣan ò dẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń fún pọ̀. Ohun tí awọ yẹn ń tú jáde padà di mímọ̀: afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide. Furchgott àti àwọn méjì mìíràn gba Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń pàṣẹ fún àwọn platelet, ègé wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́, pé kí wọ́n má ṣe lẹ̀ mọ́ ibikíbi. Bí ìpẹtà bá ti wọ inú iṣan, ọ́síjìn tó gbóná á gbá nitric oxide mú kíá, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó tún ń ba ara jẹ́. Àṣẹ kò dún mọ́.

Àwọn platelet fúnra wọn náà kò dúró bí wọ́n ṣe wà. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá péré ni wọ́n ń lò láyé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ń yí ìwà wọn padà. Lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ oníwádìí kan ní Cleveland fi hàn pé ẹnu-ọ̀nà kan wà lára platelet, CD36 lórúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀rá tó pẹtà ló ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nínú àwọn eku tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ń yára dì ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n mú CD36 kúrò lára àwọn eku náà, ọ̀rá ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò yára dì mọ́. Nínú gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó so ọ̀rá, ìpẹtà àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ lójú kan ṣoṣo bí èyí.

Ọ̀nà kẹta tí kókó náà ń gbà mú ẹ̀jẹ̀ dì ló burú jù. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ tissue factor, òun ló ń ṣáná sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ara ti fi ọgbọ́n gbé e pamọ́ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀bẹ bá gé ni nìkan ni wọn yóò pàdé. Lọ́dún 1989, àwọn oníwádìí rí i nínú kókó iṣan ènìyàn, lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kún fún ọ̀rá àti nínú ògì tí òkú wọn fi sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tó ń ṣáná yẹn wà ní bèbè ẹ̀jẹ̀ gan-an, ìdérí tín-ín-rín kan ló là wọ́n láàárín.

Báwo ni ìdérí náà ṣe tín-ín-rín tó? Renu Virmani, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọkàn àwọn tó kú lójijì wò ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn ìdérí tó ya sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 65 máíkírómítà. Abala ìwé kan tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà tó nǹkan bí 100. Àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń tu èròjà tó ń yọ́ okùn inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ya, bóyá nígbà tí ìfúnpá ga, bóyá láàárọ̀ kùtù tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, ẹ̀jẹ̀ á pàdé tissue factor, àwọn platelet á rọ́ dé, okùn fibrin á hun ara wọn bí àwọ̀n apẹja, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀nà á dí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ya, ó tọ́ ká sọ èyí. Ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kókó náà kò ya rárá, awọ òkè rẹ̀ ló bó. Irú èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ àti àwọn tó ń mu sìgá.

Ó ṣòro láti gbà lónìí pé títí di ọdún 1980 ni àwọn dókítà kan ṣì ń jiyàn pé lẹ́yìn tí ọkàn bá ti kú tán ni ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú iṣan rẹ̀. Marcus DeWood àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Spokane ló parí ìjà náà. Wọ́n ṣe ohun tí ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù láti ṣe: wọ́n ta àwọ̀ sínú iṣan ọkàn àwọn tí ìrora ṣì ń jẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ya fọ́tò. Nínú 126 tí wọ́n rí láàárín wákàtí mẹ́rin, iṣan 110 ti dí pátápátá. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìwádìí ISIS-2 tó kó 17,187 aláìsàn jọ fi hàn pé ásípírìn lásán, oògùn olówó pọ́ọ́kú, dín ikú àrùn iṣan kù ní ìdá 23 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí wọ́n bá fi oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kún un, ìdá 42.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ásípírìn yìí fẹ́ ìkìlọ̀. Ẹni tí ọkàn tàbí ọpọlọ rẹ̀ ti dààmú rí ni èrè rẹ̀ dájú fún. Lọ́dún 2018, ìwádìí ASPREE láàárín 19,114 àgbàlagbà tí ara wọn le ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà kò rí i pé ó dáàbò bo ọkàn wọn, ẹ̀jẹ̀ dídà ló fi kún. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbé e mì lálaalẹ́ nítorí pé aládùúgbò ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Ẹ̀rí tó ga jù pé cholesterol lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ara èbu ló ti jáde. Akira Endo, ará Japan, yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú èbu wò kó tó rí ọ̀kan lára ìrẹsì, ní ìlú Kyoto, tó ń dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun cholesterol ṣíṣe. Láti ibẹ̀ ni àwọn oògùn statin ti wá. Lọ́dún 1994, ìwádìí kan láàárín 4,444 ènìyàn tó ní àrùn iṣan ọkàn ní Scandinavia parí: nínú ìdajì tí kò gba oògùn náà, 256 kú, nínú ìdajì tó gbà á, 182. Iṣẹ́ statin sì kọjá ọ̀rá dídín kù. Lọ́dún 2009, ìwádìí JUPITER, tó kó 17,802 ènìyàn jọ, rí ẹ̀jẹ̀ dídì inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn lára 60 nínú àwọn tí kò lo rosuvastatin, ọ̀kan lára àwọn statin, àti 34 nínú àwọn tó lò ó. Iṣan irú ìyẹn kì í sì í ní kókó ọ̀rá.

Bí ìpẹtà bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú gbòǹgbò àrùn yìí, ṣé fítámì tó ń dènà ìpẹtà kò ní wò ó? Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, wọ́n sì dán an wò láìṣẹ̀tàn. Ìwádìí Heart Protection Study ní Ìlú Ọba kó 20,536 ènìyàn jọ. Àwọn kan gba simvastatin, àwọn kan gba fítámì E, fítámì C àti beta-carotene lójoojúmọ́, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba ọ̀kankan nínú wọn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Statin dín ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Fítámì wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn dáadáa, kò sì dá ohunkóhun dúró. Ṣáájú ìyẹn, ní 1994, ìwádìí kan láàárín 29,133 ọkùnrin amusìgá ní Finland ti rí i pé àwọn tó lo beta-carotene ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Èyí kò dá ìpẹtà láre. Ohun tó fi hàn ni pé oògùn oníhóró tí wọ́n gbé mì kò dé ibi tí iná ti ń jó, bí ẹni ń da omi sórí òrùlé nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá ló ń jó. Ó tún lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù: kókó ti wà nínú iṣan àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta agolo àti ìgò “antioxidant” ní ọjà àti lórí rédíò, tí wọ́n ní yóò fọ iṣan ọkàn mọ́ tónítóní, ẹ̀rí wọn ti ṣubú láti 2002, owó àwọn ènìyàn tó ń ṣàìsàn ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà dunni.

Nílẹ̀ wa, rọpárọsẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tí àrùn yìí sábà máa ń gbà wọlé. Ìwádìí SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó darí rẹ̀, fi 2,118 ènìyàn tó ní rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana wé iye kan náà tí ara wọn le. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó dàrú sì tẹ̀ lé e. Àìjẹ ẹ̀fọ́ wà lára àwọn ohun tó léwu. Ìwádìí báyìí kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ ló dáàbò boni, nítorí ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ déédéé lè máa ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tó dára. Síbẹ̀, ewé inú ìkòkò ọbẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú fítámì inú ìgò. Ní ti epo pupa tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń gbé LDL sókè; carotene inú rẹ̀ ló fún un ní àwọ̀, ẹni tó bá sì yọ́ ọ lórí iná títí tó fi funfun ti jó carotene náà dànù.

Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tí àwọn baba ńlá wọn ti Áfíríkà lọ, àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àyípadà nínú jíìnì PCSK9, tí LDL wọn sì kéré láti kékeré. Jonathan Cohen àti Helen Hobbs ròyìn wọn ní 2006: LDL wọn fi ìdá 28 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù, àrùn iṣan ọkàn wọn sì fi ìdá 88 dín. Iye méjèèjì kò bára mu, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn ni iṣan wọn ti ń sinmi.

Ohun kan ṣì kù tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sínú àpò kan. Lipoprotein(a) lórúkọ rẹ̀, Kåre Berg ló rí i ní Norway ní 1963. Ó gbé cholesterol bíi LDL. Òun ni ọ̀rá tó pẹtà sábà máa ń gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ka jíìnì rẹ̀ ní 1987, wọ́n bá a pé ó jọ plasminogen, èròjà tí ara fi ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì, bí ìbejì. Ó lè lọ jókòó síbi tó yẹ kí plasminogen jókòó, láìṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìwádìí INTERHEART tó wo orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò rí i kedere pé ó ń fa ìkọlù ọkàn láàárín àwọn ará Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀. Ìwádìí ARIC ní Amẹ́ríkà rí i pé ewu rẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú kò dín sí ti funfun. Oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, eré ìdárayá kì í yí i padà, ọ̀dọ̀ òbí ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀. Láti 2019 ni àwọn onímọ̀ àrùn ọkàn ní Yúróòpù ti ń dámọ̀ràn pé kí gbogbo àgbàlagbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìgbésí ayé ti tó.